Mímí ihò imú kan-kan tí wọ́n ń ṣe nínú yoga, ṣé ó ń mú tẹ́ńsọ́ọ̀nù (ìfúnpá ẹ̀jẹ̀) wálẹ̀ lóòótọ́?

Aránṣọ_Ouando kọ:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o gbogbo ilé. Ẹ jọ̀ọ́ ọ̀rọ̀ kan ni mo gbé wá, ẹ má fi mí ṣẹ̀sín. Aránṣọ ni mí níbí ní Àjàṣẹ́, ìsọ̀ mi ò jìnnà sí ọjà Ouando, ọmọ ọdún 47 ni mí. Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni orí ń fọ́ mi, mo lọ sílé ìwòsàn, wọ́n wọ̀n mí, tẹ́ńsọ́ọ̀nù 16 lórí 10, ìyẹn 160 lórí 100. Wọ́n fún mi lóògùn, ọ̀kan láràárọ̀, mo sì ń lò ó. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ oògùn yẹn fún mi ò sọ ju "ẹ dín iyọ̀ kù, ẹ má ronú" lọ. Ẹ má ronú kẹ̀! Èmi tí mo ní aṣọ ìgbéyàwó mẹ́rìnlá nílẹ̀ tí wọ́n gbọ́dọ̀ jáde kí Sátidé tó pé.

Ọmọ mi obìnrin tó wà ní Kútọnu ló wá mú ọ̀rọ̀ yoga dé, eré ìdárayá àti mímí tó wá láti Íńdíà. Òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ máa ń lọ ṣe é létí òkun ní Sọ́ńdè. Nígbà tó wálé ó ní kí n jókòó kí ẹ̀yìn mi nàró, kí n fi àtàǹpàkò dí ihò imú ọ̀tún, kí n fa èémí wọlé láti òsì, kí n wá fi ìka tí a ń fi òrùka sí dí òsì, kí n ṣí ọ̀tún kí n tú èémí síta níbẹ̀, kí n tún fa òmíì wọlé láti ọ̀tún yẹn náà, kí n padà tú u síta ní òsì, gbogbo ìyẹn ni ẹyọ kan. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá láàárọ̀, mẹ́wàá lálẹ́. Ó ní ihò ọ̀tún ni oòrùn, òun ló ń mú ara gbóná, òsì ni òṣùpá, òun ló ń mú ara tutù.

Mo ti ṣe é ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo ra ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń so mọ́ apá, tí mo bá mí bẹ́ẹ̀ tán tí mo wọ̀n ara mi ó máa ń wá sí 14 àti díẹ̀, tó bá di ìrọ̀lẹ́ ó tún ti gùn ún padà. Èyí tó wá ń dà mí láàmú ni pé láàárọ̀, ihò òsì mi á dí pa bí ẹni fi òwú dí i, tó bá di ọ̀sán òsì á là, ọ̀tún á wá dí. Ṣé àìsàn nìyẹn ni? Àbí mímí yìí ló fà á?

Nǹkan kejì, mo rí fídíò kan lórí fóònù, ọkùnrin kan ń tú èémí síta fìn-ìn fìn-ìn fìn-ìn bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ, ó ní ó ń fọ inú ara mọ́. Èmi náà ṣe é nídìí máṣíìnì. Kò tó ìṣẹ́jú méjì tí òòyì fi kọ́ mi, ìka ọwọ́ mi ń jẹ wìnnìwìnnì, ètè mi kú bí ìgbà tí wọ́n gún èèyàn lábẹ́rẹ́ kí wọ́n tó yọ eyín. Mo rọ̀ mọ́ máṣíìnì. Ọmọ iṣẹ́ mi sáré bu omi wá, ó ní "Màmá, kí lẹ rí?"

Bàbá àwọn ọmọ mi wá gbọ́ èyí, ó ní òun ti sọ bẹ́ẹ̀, pé ẹ̀sìn àwọn ará Íńdíà ni mò ń ṣe, pé mò ń bọ òrìṣà onírungbọ̀n nínú yàrá òun. Mùsùlùmí ni wá o.

Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó là mí lóye. Kì í ṣe "mo gbọ́ pé" ni mo fẹ́ gbọ́.

Ọmọ_Àkábà kọ:

Màmá ẹ kú iṣẹ́ o, Kétu ni mo wà. Ọlọ́run fún yín ní ihò imú méjì, ẹ fi ìka dí ọ̀kan, ẹ wá ń bèèrè ìdí tí ihò fi ń dí 😂😂 Ẹ má bínú, ẹ̀fẹ̀ ni. Àmọ́ tẹ́ńsọ́ọ̀nù kì í ṣe ohun tí à ń fi imú lé lọ. Bàbá mi àgbà ní àgbo kan, ìgò méjì péré lẹ máa mu, ẹ lè gbé oògùn òyìnbó yẹn tì ná kí àgbo lè ráyè ṣiṣẹ́. Ẹ kàn sí mi.

Nọ́ọ̀sì_Òkè_Ṣábẹ kọ:

Ọmọ_Àkábà, ọmọ mi, jọ̀ọ́ gbé ìgò rẹ sílẹ̀ ná. Àǹtí, ẹ má gbé oògùn yín tì o, ẹ má fo ọjọ́ kan. Ọdún 31 ni mo fi ṣe nọ́ọ̀sì kí n tó fẹ̀yìn tì wá sí Ṣábẹ níbí, iye èèyàn tó gbé oògùn tẹ́ńsọ́ọ̀nù tì nítorí pé ara yá, tí wọ́n wá gbé wọn dé ọ̀dọ̀ wa lẹ́yìn ọ̀kadà láàárín òru, ẹnu ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, mi ò fẹ́ kà á.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ níbi imú tó ń dí, ìyẹn ló dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ. Kì í ṣe àìsàn rárá, kì í sì í ṣe mímí yẹn ló fà á, ó ti ń ṣẹlẹ̀ láti kékeré yín, ẹ̀ẹ̀kan yìí lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kíyè sí i torí pé ẹ wá ń dí imú. Ẹran rírọ̀ kan wà nínú ihò imú kọ̀ọ̀kan, iṣan ẹ̀jẹ̀ kún inú rẹ̀. Tí ẹ̀jẹ̀ bá ya wọ̀ ọ́ á wú, ihò á há, tí ẹ̀jẹ̀ bá fà sẹ́yìn á sọ̀, ihò á là. Ara fúnra rẹ̀ ló ń pín iṣẹ́ náà, á ní kí òsì sinmi kí ọ̀tún máa ṣe é, lẹ́yìn wákàtí bíi méjì sí mẹ́fà á yí i padà, bí ìgbà tí àwọn ọmọ iṣẹ́ méjì bá ń pààrọ̀ ara wọn nídìí máṣíìnì kan. Dókítà ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Richard Kayser kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1895. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ọ́n títí wọ́n á fi kú, torí afẹ́fẹ́ tó ń wọlé látinú méjèèjì pọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Àfi tí ọ̀fìnkìn bá mú wa tàbí tí ọyẹ́ bá dé, níbí tí eruku máa ń bo òkè Ṣábẹ tí a ò ní rí orí àpáta mọ́, ìgbà yẹn ni kálukú ń mọ̀ pé imú òun dí.

Ẹ dán an wò lálẹ́ òní. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀, ẹ dúró díẹ̀, ihò ọ̀tún tó wà lókè á là, ti òsì tó wà nísàlẹ̀ á há. Tí ẹ bá wá rí i láàárọ̀ pé ihò kan dí, ẹ má fi ipá fa èémí gbà á. Ẹ dúró, tàbí kẹ́ ẹ fi méjèèjì mí. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ihò kan náà ló ń dí lójoojúmọ́, tí kì í yí, ìyẹn yàtọ̀, ẹ fi han dókítà.

Ó wá ku ti tẹ́ńsọ́ọ̀nù. Ohun tí mo rò ni pé ìfarabalẹ̀ inú mímí yín ló ń ṣe iṣẹ́, kì í ṣe ihò wo. Àgbàlagbà tó jókòó jẹ́ẹ́ ń mí nǹkan bí ìgbà 12 sí 20 ní ìṣẹ́jú kan. Nígbà tí ẹ bá ń fi ìka dí ihò kan tí ẹ ń ṣí èkejì, kò sí bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ yára, ojú ọ̀nà há, ìka ní láti yí, kẹ́ ẹ tó mọ̀ ẹ ti wà ní márùn-ún tàbí mẹ́fà ní ìṣẹ́jú. Ibẹ̀ ni idán náà wà, bó bá jẹ́ pé idán ni.

Ẹ fi ìka méjì lé ọrùn ọwọ́ yín níbi tó ń lù, kẹ́ ẹ mí rọra. Tẹ́ ẹ bá ń fa èémí sínú, ìlù yẹn á yára díẹ̀, tẹ́ ẹ bá ń tú u síta á fà. Iṣan kan wà tó ti inú ọpọlọ wá, ó gba ọrùn kọjá, ó lọ sí ọkàn, ó tún lọ dé inú ikùn, vagus lorúkọ rẹ̀, òun ni ìjánu ọkàn. Tẹ́ ẹ bá ń tú èémí síta ni ìjánu yẹn ń fà. Àwọn ẹ̀ṣọ́ kan tún wà lára iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá ọrùn àti èyí tó jáde látinú ọkàn, iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa ṣọ́ agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń tì, tó bá ti ga jù wọ́n á ránṣẹ́ sí ọpọlọ, ọpọlọ á ní kí ọkàn dẹwọ́ kí iṣan ẹ̀jẹ̀ sì dẹ̀. Lára onítẹ́ńsọ́ọ̀nù àwọn ẹ̀ṣọ́ yẹn máa ń ya ọ̀lẹ. Tí èèyàn bá wá ń mí bí ìgbà mẹ́fà ní ìṣẹ́jú, èémí àti iṣẹ́ wọn á bọ́ sórí ìlù kan náà, bí ìgbà tí omele àti ìyáàlù bá wọnú ara wọn, wọ́n á wá máa jẹ́ ìpè kíákíá. Luciano Bernardi ará Ítálì àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ gbé e jáde ní 2005 pé nọ́ńbà òkè àwọn onítẹ́ńsọ́ọ̀nù tó ń mí báyìí sọ̀kalẹ̀ láti nǹkan bí 150 sí 141, ti ìsàlẹ̀ láti nǹkan bí 83 sí 78. Bá a ṣe ń kà á níbí, láti 15 sí 14 nìyẹn. Ẹ rí i pé ó jọ tiyín. Ṣùgbọ́n àsìkò tí wọ́n ń mí bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n wọ̀n ọ́n o! Ìdí nìyẹn tí tiyín fi ń gùn padà nírọ̀lẹ́. Ní 2013 àwọn American Heart Association, ẹgbẹ́ tó ń rí sí àrùn ọkàn ní Amẹ́ríkà, gbà pé èèyàn lè fi mímí rọra, èyí tí ẹ̀rọ ń darí, kún oògùn àti oúnjẹ tó dáa. Kún un, ni wọ́n wí. Wọn ò ní kó dípò rẹ̀.

Ti ẹwìrì yẹn, ẹ má tún ṣe é mọ́ láé. Tí èèyàn bá ń mí fìn-ìn fìn-ìn láìṣe pé ó ń sáré tàbí pé ó ń gún iyán, kì í ṣe pé ọ́síjìn ń pọ̀ sí i tó bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ti kún fún un tẹ́lẹ̀. Afẹ́fẹ́ kábọ́nì tí ara ń tú síta ló ń lọ jù. A rò pé ìdọ̀tí ni afẹ́fẹ́ yẹn, àmọ́ ara nílò ìwọ̀n kan nínú ẹ̀jẹ̀. Tó bá ti lọ jù, iṣan ẹ̀jẹ̀ tó lọ sí ọpọlọ á fún pọ̀, òòyì á dé, èròjà inú ẹ̀jẹ̀ á yí padà, ìka àti ètè á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ wìnnìwìnnì. Ohun tó ṣe yín gan-an nìyẹn. Ká ní orí ìdúró lẹ wà ni, ẹ ti ṣubú lu máṣíìnì. Onítẹ́ńsọ́ọ̀nù, aboyún, ẹni tó ní wárápá, ẹni tó ní àrùn ọkàn, ẹni tí ojú rẹ̀ ní glaucoma, ẹni tó ní ìpá, kò sí èyí tó yẹ kó ṣe é nínú wọn. Bákan náà, tí ọmọ yín bá ní kẹ́ ẹ dá èémí dúró sínú títí ẹ ó fi ka ogún, ẹ sọ fún un pé ó tì.

Aránṣọ_Ouando kọ:

Haa! Ẹ ṣeun gan-an ni Màmá Nọ́ọ̀sì, kò sẹ́ni tó la èyí yé mi bẹ́ẹ̀ rí láti oṣù mẹ́ta. Mo fi ìka lé ọrùn ọwọ́ bí ẹ ṣe wí, mo gbọ́ ọ, ó ń yára ó ń fà. Ó bà mí lẹ́rù díẹ̀.

Ṣé irọ́ wá ni ọ̀rọ̀ oòrùn òun òṣùpá yẹn?

Tòkunbọ̀_Bangalore kọ:

Àǹtí, ẹ jẹ́ kí n bọ́ sí i níbí torí mo lo ọdún mẹ́rin ní Bangalore ní Íńdíà níbi tí mo ti kọ́ kọ̀ǹpútà. Kì í ṣe irọ́ pátápátá, kì í sì í ṣe bí wọ́n ṣe ń tà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ọ̀rọ̀ yẹn ti pẹ́. Ó wà nínú Hatha Yoga Pradipika, ìwé tí wọ́n kọ ní èdè Sanskrit ní nǹkan bí ẹgbẹ̀ta ọdún sẹ́yìn, wọ́n ń pe ọ̀nà òsì ní ida, tòṣùpá, wọ́n ń pe tọ̀tún ní pingala, toòrùn. Èyí tí ọmọ yín kọ́ yín, nadi shodhana lorúkọ rẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ ni fífọ àwọn ọ̀nà náà mọ́. Ẹ tún gbọ́ èyí: mímí fìn-ìn fìn-ìn tó fẹ́ gbé yín ṣubú, bhastrika ni wọ́n ń pe ọ̀kan nínú irú rẹ̀, ẹwìrì gan-an ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn! Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà á lẹ́nu yín, ẹ sọ Sanskrit láìmọ̀.

Àwọn ará ibẹ̀ fúnra wọn ò kàn gbà á gbọ́ lásán. Láti 1924 ni olùkọ́ yoga kan, Swami Kuvalayananda, ti dá ilé kan sílẹ̀ ní Lonavla tí wọ́n ń pè ní Kaivalyadhama, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó fi ẹ̀rọ wo ohun tí yoga ń ṣe nínú ara. Ní Bangalore tiwa, Shirley Telles àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé iṣẹ́ kan jáde ní 1994, wọ́n pín èèyàn sí ọ̀nà mẹ́ta, àwọn kan ń mí gba ọ̀tún nìkan, àwọn kan òsì nìkan, àwọn kan ń pààrọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́ fún oṣù kan. Àwọn tọ̀tún, ọ́síjìn tí ara wọn ń lò fi ìdá 37 nínú ọgọ́rùn-ún lọ sókè. Áà, oòrùn ń ràn! Àmọ́ ẹ dúró ná, àwọn tòsì tó yẹ kó tutù, tiwọn náà fi 24 lọ sókè, àwọn tó ń pààrọ̀ fi 18. Òṣùpá náà gbóná nìyẹn o. Ohun tí òsì fi yàtọ̀ ni pé àtẹ́lẹwọ́ wọn fi hàn lára ẹ̀rọ pé iṣan tó ń mú wa làágùn ti ń sinmi. Ní 1996 wọ́n tún rí i pé mímí gba ọ̀tún nìkan ń ti tẹ́ńsọ́ọ̀nù òkè sókè. Èèyàn kéréje ni wọ́n fi ń ṣe irú ìdánwò báyìí o, mi ò ní búra lé e. Ṣùgbọ́n ká ní èmi ni yín, mi ò ní fọwọ́ kan tọ̀tún nìkan, ìpààrọ̀ yẹn ni màá dúró lé.

Ohun kan tí mi ò lè gbàgbé, bàbá onílé wa ní Bangalore, ẹni ọgọ́rin ọdún, aláǹtakùn ni mo ń pè é nínú ọkàn mi torí bó ṣe ń ká ẹsẹ̀. Ó ní ọ̀pá kékeré kan tí orí rẹ̀ tẹ̀ bí ìwo. Tí ihò òsì rẹ̀ bá dí tí kò sì fẹ́ dúró, á ki orí ọ̀pá yẹn bọ abẹ́ apá ọ̀tún, á fara tì í, á máa ka ìwé ìròyìn lọ. Tó bá yá á mí, á ní "ó ti là." Mo rò pé ó ti ya wèrè, àfi ìgbà tí mo fi àpò ìrẹsì há abẹ́ apá tèmi náà. Ó là lóòótọ́. Títẹ abẹ́ apá kan máa ń jẹ́ kí ihò ẹ̀gbẹ́ kejì là, ọ̀rọ̀ fífẹ̀gbẹ́ dùbúlẹ̀ tí Màmá Nọ́ọ̀sì sọ yẹn ò jìnnà sí i.

Ọmọ_Áàfáà kọ:

Ẹ sọ fún bàbá àwọn ọmọ pé kó fara balẹ̀. Òótọ́ ni pé àwọn áàfáà kan ò fẹ́ gbọ́ yoga sétí rárá. Àmọ́ ní 2009, ìgbìmọ̀ àwọn àgbà Mùsùlùmí ní Indonesia, níbi tí Mùsùlùmí pọ̀ sí jù láyé nígbà yẹn, jókòó lórí ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n ní èyí tó ní ọfọ̀ àti ìjọsìn Híńdù nínú, kí Mùsùlùmí má dé ibẹ̀, èyí tó jẹ́ eré ìdárayá lásán, kò burú. Tí ìyàwó rẹ̀ bá jókòó sórí àga tó ń fi ìka dí imú, tí kò pe orúkọ òrìṣà kankan, èwo ni ìbọ níbẹ̀? Àmọ́ tí wọ́n bá ń pàtẹ́wọ́ tí wọ́n ń sọ "om" létí òkun yẹn, kí ọmọ yẹn mọ ibi tó máa dákẹ́.

Ìyá_Ìbejì_Àjàṣẹ́ kọ:

Èmi ti ìjọ Àgùdà ni mí, ẹ gbọ́ tèmi. Bernardi tí Màmá Nọ́ọ̀sì dárúkọ yẹn, òun kan náà ló wà nídìí iṣẹ́ kan tó jáde ní British Medical Journal ní 2001. Wọ́n mú èèyàn 23, wọ́n ní kí wọ́n ka Ave Maria inú ròsárì ní èdè Látìn, wọ́n tún ní kí wọ́n ka ọfọ̀ àwọn oní-yoga kan. Méjèèjì ló mú mímí wọn wá sí bí ìgbà mẹ́fà ní ìṣẹ́jú. Láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kí wọ́n mí rọra o, gbólóhùn yẹn ló gùn tó èémí kan.

Mo ka èyí, mo ní kí n dán tèmi wò pẹ̀lú ẹ̀rọ ọkọ mi. Kò lọ sílẹ̀ rárá! Mo wá ronú sí i. Ìyá, bí a ṣe ń ka "Mo kí ọ Màríà" ní ìjọ wa, pàápàá tó bá di òwúrọ̀ ọjọ́ ọjà, bí ẹni tí òjò ń lé ni, ẹnìkan ò tíì parí tí èkejì ti gbà á lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí mo dá kà á nínú yàrá, tí mo jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan balẹ̀, ìgbà yẹn ni nǹkan yí padà. Mo sọ fún kátékíìstì wa pé ká máa fà á díẹ̀, ó wò mí bákan.

Nọ́ọ̀sì_Òkè_Ṣábẹ kọ:

Ìyá Ìbejì, ẹ pa mí lẹ́rìn-ín 😄

Aránṣọ, mo gbàgbé nǹkan kan tó yẹ yín gan-an torí iṣẹ́ yín. Ṣé ẹ máa ń kùn orin nídìí máṣíìnì? Àwọn oní-yoga ní mímí kan tí wọ́n fi orúkọ oyin pè, bhramari, wọ́n á pa ẹnu dé, wọ́n á máa kùn hùn-ùn-ùn bí wọ́n ṣe ń tú èémí síta láti imú. Nínú egungun ojú wa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú àti lókè ojú, àwọn ihò ìkọ̀kọ̀ wà níbẹ̀, wọ́n ń ṣe èròjà kan tí wọ́n ń pè ní náítíríkì ọ́ksáìdì, òun ló ń jẹ́ kí iṣan ẹ̀jẹ̀ là. Èròjà yẹn náà ló gba ẹ̀bùn Nobel fún àwọn mẹ́ta kan ní Amẹ́ríkà ní 1998. Ní 2002, Weitzberg àti Lundberg ní Sweden wọ̀n ọ́n, wọ́n rí i pé tí èèyàn bá ń kùn, èyí tó ń jáde látinú imú máa ń di ìlọ́po 15 èyí tó ń jáde tó bá mí lásán. Ariwo yẹn ló ń mi afẹ́fẹ́ inú àwọn ihò ìkọ̀kọ̀ yẹn jáde. Mi ò ní parọ́ fún yín pé ó ń wo tẹ́ńsọ́ọ̀nù. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹni tó ń kùn ò lè sáré tú èémí síta, ìjánu yẹn á rí àyè fà, imú náà á sì mọ́. Torí bẹ́ẹ̀ ẹ máa kùn, kò sẹ́ni tó máa ní òrìṣà lẹ ń bọ.

Ẹ tún kọ́ bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n dáadáa o. Ẹ jókòó jẹ́ẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún kẹ́ ẹ tó tẹ ẹ̀rọ, ẹ gbé ẹ̀yìn ti àga, ẹ gbé apá sórí tábìlì kó bá ọkàn dọ́gba, ẹ má sọ̀rọ̀, ẹ má ká ẹsẹ̀ lé ara wọn, kọfí kankan ò gbọ́dọ̀ wọlé ní ìdajì wákàtí ṣáájú. Ẹlòmíì á sáré wọlé látọjà, á so ẹ̀rọ mọ́ apá, á máa bá oníbàárà jà lórí fóònù, ẹ̀rọ á ní 17, á pariwo.

Ọmọ_Àkábà kọ:

Mo dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì lánàá bí Màmá Nọ́ọ̀sì ṣe wí. Bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, PỌ̀Ọ́! Ọ̀tún là. Mo yí padà sí ọ̀tún, mo dúró, òsì là. Ìyàwó mi ní kí ló dé tí mò ń yí gìrì-gìrì tí mò ń rẹ́rìn-ín nínú òkùnkùn. Mo ti gbé ìgò àgbo sílẹ̀, ẹ má bínú sí mi.

Aránṣọ_Ouando kọ:

Ẹ ṣeun gbogbo yín, mo ka gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Láàárọ̀ yìí kí n tó ṣí ìsọ̀, mo ṣe é bí Màmá Nọ́ọ̀sì ṣe là á sílẹ̀, mo jókòó ìṣẹ́jú márùn-ún láìsọ̀rọ̀ (ìyẹn gan-an ni iṣẹ́ tó le jù), mo wọ̀n ọ́n, 15 lórí 9. Ihò méjèèjì là díẹ̀díẹ̀, mo pààrọ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo kà á ní ení èjì ẹ̀ta ẹ̀rin fún ìwọlé, mo kà á dé ẹ̀fà fún ìjáde, kò sí dídá dúró. Mo tún wọ̀n ọ́n, 14 lórí 9. Nírọ̀lẹ́ yìí 15 padà. Mo ti gbà pé oògùn ni oògùn, èyí jẹ́ ẹ̀gbọ́n tó ń bá a gbé ẹrù.

Bàbá àwọn ọmọ dúró lẹ́nu ọ̀nà ó ń wò mí. Mo ka ohun tí Ọmọ_Áàfáà kọ sí i létí, kò dáhùn. Nígbà tó yá ó jókòó, ó na apá rẹ̀ sí mi, ó ní kí n wọ̀n òun náà wò. Mo ní kó má sọ̀rọ̀, kó dúró ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó dúró. 17 lórí 10. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, 17. Ó wo ẹ̀rọ, ó wò mí, ó ní ẹ̀rọ mi ti bàjẹ́.

Nọ́ọ̀sì_Òkè_Ṣábẹ kọ:

Ẹ̀rọ ò bàjẹ́ o Àǹtí. Ẹ mú un lọ sílé ìwòsàn ní àárọ̀ ọ̀la kí wọ́n fi tiwọn wọ̀n ọ́n. Tí orí bá ń fọ́ ọ gidigidi lálẹ́ yìí, tí àyà bá ń dùn ún, tí ojú rẹ̀ bá ń ṣú tàbí tí ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ kan bá kọ̀ láti gbéra, ẹ má dúró dàárọ̀. Kò sì gbọ́dọ̀ mu nínú oògùn tiyín.

Aránṣọ_Ouando kọ:

Orí ò fọ́ ọ, ó ń jẹun. A ń lọ láago méje. Ó ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni.